Wọ́n ní kí bàbá mi ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun, bàbá ní àwọn ò gba àpò ìgbẹ́ mọ́ra. Ẹ̀yin tó ti rí i rí, ẹ gbà mí

ỌmọÌdànrè

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Bàbá mi jẹ́ ẹni ọdún 63, àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí wọ́n bá yàgbẹ́. Jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo wa pè é. Ìyá alágbo kan ní gáréèjì ló ń po àgbo fún wọn, ìgò lórí ìgò, ó sì ní kí wọ́n yé jẹ ṣúgà. Wọ́n yé jẹ ṣúgà lóòótọ́. Ẹ̀jẹ̀ ò yé. Nígbà tó yá, ìgbẹ́ ń jáde tín-ín-rín bí okùn, wọ́n á ṣe tán, á tún dà bíi pé ó kù síbẹ̀. Ṣòkòtò tó ṣe rẹ́gí fún wọn ní Kérésì, okùn ni wọ́n fi ń so ó nísinsìnyí kó má bàa já bọ́.

Mo fi tipátipá gbé wọn wá sí Àkúrẹ́ lóṣù tó kọjá. Dókítà wọ ìbọ̀wọ́, ó fi ìka kan yẹ̀ wọ́n wò nídìí, kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo rí bí ojú ẹ̀ ṣe yí padà. Ìka kan! Lẹ́yìn ọdún kan àgbo. Wọ́n ṣe kámẹ́rà, wọ́n tì í gba ìdí wọ inú ìfun, wọ́n gé díẹ̀ lára ẹran náà lọ yẹ̀ wò, èsì ní jẹjẹrẹ ni, sẹ̀ǹtímítà 7 sí ẹnu ìdí. Scan ní kò tíì dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ lọ gba ìtọ́jú oníná, ìtànṣán tó ń jó jẹjẹrẹ, ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà kí wọ́n wá gé e, àti pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ ẹnu ìfun síta lára ikùn, kí ìgbẹ́ máa bọ́ sínú àpò.

Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ àpò yẹn, wọ́n dìde. Wọ́n ní àwọn ò lè máa gbé ìgbẹ́ kiri bí ẹni gbé igbá. Àbúrò wọn tún wá dá sí i, ó ní ọ̀bẹ kì í kan jẹjẹrẹ, tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i lára, ó di kó tàn káàkiri.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí kọjá, kó sọ òótọ́ fún mi, kódà bí kò bá dùn.

Tèmítọ́pẹ́_Ọbáilé

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á dá wọn lóhùn. Mò ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí, ìyá ọkọ mi náà ń rí ẹ̀jẹ̀.

Nọ́ọ̀sìTíátà

Tèmítọ́pẹ́, ẹ má tẹ̀lé ọ̀rọ̀ o, ẹ gbé màmá lọ.

Ọmọ Ìdànrè, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ìlú Oǹdó ni mo wà, ó ti di ọdún 14 tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí bàbá kékeré yín sọ, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí n má gbọ́ ọ. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò purọ́, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ń sọ. Wọ́n rí ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀, tó sì kú lóṣù kejì. Ohun tí wọn ò rí ni ohun tí àwa rí nígbà tí ikùn ṣí sílẹ̀: jẹjẹrẹ ti fọ́n ká bí ìrẹsì tó dà sílẹ̀, lórí ẹ̀dọ̀, lára awọ inú ikùn, níbi gbogbo. Ọ̀gá á mí kanlẹ̀, a ó rán an padà láìyọ ohunkóhun. Ó ti tàn kí ọ̀bẹ tó kan awọ. Ọ̀bẹ ló wá jẹ̀bi nítorí òun ni wọ́n rí kẹ́yìn.

Àmọ́ mi ò ní sọ pé bí wọ́n ṣe gé e kò já mọ́ nǹkan. Tí wọ́n bá gé e gba àárín, tàbí tí jẹjẹrẹ náà fọ́ sínú ikùn, wọ́n lè gbìn ín síbẹ̀ ni. Ti ibi tó ń ṣe bàbá yìí, ọ̀rá kan wà tó wé mọ́ ìfun náà, inú ọ̀rá yẹn ni àwọn kókó kéékèèké wà tí jẹjẹrẹ máa ń kọ́kọ́ sá lọ bá. Ẹ rí i bí ẹ ṣe ń tú ewé lára mọ́ínmọ́ín kó má fọ́? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí wọ́n yọ ìfun àti ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ lódindi. Bill Heald, oníṣẹ́ abẹ ará Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ síta ní 1982, látìgbà náà ni àrùn yẹn ò ti fi bẹ́ẹ̀ ń padà wá sójú kan náà mọ́ fún àwọn tí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Ẹ bi dókítà yín bóyá bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é. Kò ní bínú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á fẹ́ ṣàlàyé fún yín títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọ̀rọ̀ àpò: sẹ̀ǹtímítà 7 ò burú. Tó bá kan iṣan tó ń dí ìdí ni àpò fi máa ń di ti títí ayé. Ti bàbá, ó jọ pé àpò onígbà díẹ̀ ni wọ́n ń wí, kí ojú ibi tí wọ́n rán lè jinná láìsí ìgbẹ́ tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ bi wọ́n gan-an: ti ìgbà díẹ̀ ni, àbí ti títí ayé? Ìbéèrè yẹn lè mú bàbá jókòó padà.

Ẹkìmọ̀gún_Gidi

Èmi ò gbà pé ẹ̀bi àgbo ni gbogbo ẹ̀ o. Àgbo jẹ̀dí wo bàbá tèmi sàn, ojú mi ló ṣe.

Nọ́ọ̀sìTíátà

Jẹ̀díjẹ̀dí ló wò sàn, bọ̀dá mi. Ta ló fi ìka yẹ bàbá yín wò tí a fi mọ̀ pé jẹ̀dí ni? Ìyá alágbo ò jẹ̀bi, kò ní ìbọ̀wọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ tí ọjọ́ orí bá ti lé ní 40, tàbí tó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tàbí tí ìgbẹ́ bá yí ìrìn padà, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìdí wò ná. Lẹ́yìn ìyẹn, tó bá wu yín, ẹ mu àgbo.

ÌyáOníbàtà

Ọmọ mi, mo ka ohun tí o kọ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rẹ́rìn-ín síbi tí bàbá ti ní àwọn ò gbé ìgbẹ́ kiri. Ohun tí èmi náà sọ nìyẹn. Ọkọ mi dá mi lóhùn pé gbogbo wa là ń gbé e kiri, tìẹ kàn fẹ́ wà níta ni.

Bàtà ni mò ń tà l'Ọ́jà Ọba. Ọmọ ọdún 48 ni mí nígbà tí wọ́n ṣe tèmi, ìfun ìsàlẹ̀ náà ni. Oṣù méje ni mo fi gbé àpò kí wọ́n tó dá ìfun padà. Ìfun kékeré ni wọ́n fà jáde, nítorí náà omi ló ń dà, kì í ṣe ìgbẹ́ tó dì. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo sunkún. Awọ ikùn mi bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lójú: ihò tí mò ń gé lára àpò ló gbòòrò ju ẹnu ìfun lọ, omi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jò sí awọ. Ẹnu ìfun náà sì ń súnkì bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ìwọ̀n àná kì í ṣe ìwọ̀n òní. Mo mú páálí bàtà, mo yí i wò títí ó fi bá ẹnu ìfun mi mu rẹ́gí, mo wá ń fi páálí yẹn ṣe òṣùwọ̀n gé àpò. Awọ jinná ní ọjọ́ mẹ́wàá. Mo ń gé páálí tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, páálí ò sáà wọ́n mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Jíjẹ mímu: iyán ò ṣe mí ní nǹkan kan. Àgbàdo sísè ló fẹ́ pa mí. Ó dí ẹnu ìfun, ikùn wú, mo ń bì, a sáré padà sọ́sípítù lóru. Ẹ̀pà náà, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n jẹ ẹ́ kúnná. Omi máa ń tán lára, nítorí náà mo máa ń po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi bíi ti ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọ̀rọ̀ ariwo ńkọ́? Ó ń pariwo o. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nígbà tí wọ́n ní ká gbàdúrà sínú, ó dún "pruuu". Ìyá tó jókòó tì mí ní "Àmín".

Mi ò ní tàn ọ́ jẹ: lẹ́yìn tí wọ́n dá a padà, ìfun kì í rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Mò ń lọ sílé ìgbẹ́ ìgbà márùn-ún, ìgbà mẹ́fà lójúmọ́ fún ọdún kan gbáko. Ó ti dín kù báyìí. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà láàyè. Ìsọ̀ mi ṣì wà níbẹ̀.

Dérò_Ọ̀wọ̀

Inú mi dùn fún màmá. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 51, ìfun ńlá lápá ọ̀tún. Abẹ lọ dáadáa. Lọ́jọ́ kẹta nọ́ọ̀sì ń bi í, "Ẹ ti só?", kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìfun ti jí. Lọ́jọ́ kẹrin ó só, a jó. Lọ́jọ́ karùn-ún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ọkàn rẹ̀ ń sáré, ó ní èjìká ń dun òun. A sọ, wọ́n ní ibà ni. Òru ọjọ́ kẹfà, ikùn ti le bíi pátákó, a ò rí dókítà kankan àfi ọ̀dọ́mọdé kan tó ń ṣọ́ wọ́ọ̀dù mẹ́ta. Wọ́n fún wa ní ìwé oògùn, mo rìn ká ilé oògùn mẹ́rin láago méjì òru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ọ̀gá dé, ó ní ojú ibi tí wọ́n rán ìfun pọ̀ ló ń jò. Wọ́n fẹ́ là á padà, ẹ̀jẹ̀ ò sí nílẹ̀. Ó kú láago mọ́kànlá.

Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, àwọn náà ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n Ọmọ Ìdànrè, jọ̀ọ́, má sùn lọ́jọ́ karùn-ún.

Dókítà_Àgbà

Dérò, ẹ kú ọ̀fọ̀, kí Ọlọ́run dáwọ́ ibi dúró. Mo ti fẹ̀yìntì, iṣẹ́ abẹ ni mo ṣe fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, ohun tí o kọ yìí sì ká mi lára nítorí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Àwọn ènìyàn ń rò pé orí tébù ni aláìsàn ti ń kú. Ó ṣọ̀wọ́n. Ìwádìí kan jáde ní 2021 lórí aláìsàn tó lé ní 15,000 ní orílẹ̀-èdè 82, àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn, ti àpòlúkù tàbí ti ìfun ńlá. Ìṣòro lẹ́yìn abẹ, kíkẹ̀ ojú egbò, jíjò ìfun, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín ilẹ̀ olówó àti ilẹ̀ tálákà. Ikú lẹ́yìn ìṣòro náà ló yàtọ̀. Níbi tí ẹnìkan ti tètè rí i, tí ẹ̀jẹ̀ wà, tí scan wà, tí tíátà ṣí lóru, ìfun á jò, aláìsàn á sì padà lọ sílé.

Ìbéèrè tí ẹ máa bi oníṣẹ́ abẹ nìyí, ẹ má tijú: irú rẹ̀ mélòó lo ṣe lọ́dún tó kọjá? Ta ló wà níbí lóru? Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sunday ńkọ́? Kí àwọn ará ilé sì ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kì í ṣe lọ́jọ́ náà.

Ní ti ohun tí wọ́n lè retí, èyí tí mo bá sọ, ti Amẹ́ríkà ni, níbi tí wọ́n ti ń ka gbogbo rẹ̀. Tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá kò bá tíì kúrò lára ìfun, nǹkan bíi 9 nínú 10 ló máa wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Tó bá ti dé àwọn kókó kéékèèké ìtòsí, bíi 7. Tó bá ti dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, 1 tàbí 2. Ọ̀bẹ kan náà o, ọwọ́ kan náà. Ìgbà tí wọ́n dé ló yàtọ̀. Ẹni tí ìfun rẹ̀ sì dí pátápátá kó tó wá, tí ikùn ti wú, tí a fi pàjáwìrì là, ewu tirẹ̀ ju ti ẹni tí a fún ní ọjọ́ lọ.

Adébọ̀_FUTA

Dókítà, ẹ ṣeun. Ìyá mi ńkọ́, ojú wọn pọ́n bí ẹyin àgbébọ̀, ìtọ̀ dúdú, ara ń yún wọn, ṣùgbọ́n kò dùn wọ́n rárá. Wọ́n ní pancreas ni. Kí ló dé tí wọ́n ní àwọn ò ní gé tiwọn?

Dókítà_Àgbà

Ọmọ mi, ẹ̀yà yẹn sápamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Tí jẹjẹrẹ bá ti dì mọ́ àwọn iṣan yẹn, gígé rẹ̀ á pa ènìyàn ju àrùn lọ. Nínú ènìyàn 10 tó ní in, nǹkan bíi 2 péré ló máa ń tètè dé débi tí a lè gé e. Iṣẹ́ abẹ náà, Whipple ni wọ́n ń pè é, orúkọ dókítà ará Amẹ́ríkà tó kọ nípa rẹ̀ ní 1935. Wọ́n á gé orí pancreas, àpò òróòro, ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, nígbà mìíràn apá kan àpòlúkù, wọ́n á tún so àwọn tó kù padà mọ́ ìfun níbi mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti ṣe é, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é léraléra nìkan ni mo lè gbé ẹbí mi lọ.

Àmọ́ "a ò gé e" kì í ṣe "a fi yín sílẹ̀". Ẹ béèrè nípa ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀nà òróòro, kí ojú lè mọ́, kí ara má yún wọn mọ́. Oorun alẹ́ kan láìfi èékánná họ ara, nǹkan ńlá ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan kún un, àgbà ló ń ṣe mí. Theodor Billroth gé apá kan àpòlúkù obìnrin kan ní Vienna ní 1881, òun lẹni àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ yọrí sí rere fún. Obìnrin náà dìde, ó jẹun, ó padà sílé. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́rin, jẹjẹrẹ tó ti tàn ló pa á. Abẹ gbà á. Àrùn ló ti ṣáájú.

Tèmítọ́pẹ́_Ọbáilé

Mo ti gbé màmá lọ o. Ìka náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì ṣe kámẹ́rà. Jẹ̀díjẹ̀dí ni lóòótọ́. Mo sunkún ayọ̀ nínú ọgbà ọsibítù.

Ẹkìmọ̀gún_Gidi

Ẹ wá rà àgbo báyìí 😂

Nọ́ọ̀sìTíátà

😂 Ẹ̀mí ẹ ò ní bà jẹ́.

Ohun kan tí mo gbàgbé, ó sì ṣe pàtàkì. Tí wọ́n bá yọ ìfun náà tán, wọ́n á gbé e fún ẹ̀yin ará ilé nínú ike olómi fọ́málìn, wọ́n á ní ẹ gbé e lọ síbi àyẹ̀wò. Owó lọ́tọ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé e débi ẹnu ọ̀nà, tí owó bá ti tán, wọ́n á ní "ṣebí wọ́n ti yọ ọ́". Ẹ̀yin ènìyàn mi, inú ike yẹn ni a ti ń mọ̀ bóyá etí ibi tí wọ́n gé mọ́, àti bóyá ó ti dé àwọn kókó. Ó kéré tán, kókó 12 ló yẹ kí wọ́n wò. Láìsí èsì yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kẹ́mò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, yẹ. Ẹ ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó ra ẹyọ ìbọ̀wọ́ kan.

ỌmọÌdànrè

Oṣù márùn-ún rèé, ẹ má bínú pé mi ò kọ nǹkan.

Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Oníbàtà sétí bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tí wọ́n ti ní "Àmín" yẹn, bàbá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lóṣù kan. Ọjọ́ kejì wọ́n ní ká máa lọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la lò n'Íbàdàn fún ìtọ́jú oníná, pẹ̀lú kẹ́mò oníhóró. Bàbá ò mọ ohun tó ń jó wọn, wọ́n ní àwọn ò rí iná kankan, àwọn kàn dùbúlẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà a sinmi, ni a bá lọ fún abẹ ní Ifẹ̀. Mo bi wọ́n ní gbogbo ìbéèrè tí Dókítà Àgbà kọ síbí. Oníṣẹ́ abẹ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Páìntì ẹ̀jẹ̀ méjì ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tèmi àti ti ọkọ àbúrò mi.

Ó gbà tó wákàtí márùn-ún. Mo gbé ike náà lórí ẹsẹ̀ mi nínú takisí, mo gbá a mọ́ra bíi ọmọ tuntun, òórùn fọ́málìn ń ta mí lójú, onítakisí ní kí ni mo gbé, mo ní ọbẹ̀. Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: etí mọ́ yípo, kókó 14 ni wọ́n wò, jẹjẹrẹ wà nínú ẹyọ kan. Nítorí náà kẹ́mò ṣì kù. Wọ́n tún ní kí èmi àti àwọn àbúrò mi ṣe kámẹ́rà tí a bá pé 40, a ò gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ̀jẹ̀ tó yọ. Mo ti pé 37.

Dérò, mi ò sùn lọ́jọ́ karùn-ún. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Ara wọn tutù.

Ṣùgbọ́n òru ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ sọ. Nọ́ọ̀sì ti ní tí ìfun bá jí, àpò á wú. Gbogbo ìgbà ni mò ń fi iná fóònù wò ó, ó rọ̀ pẹlẹbẹ bíi nylon ọ̀rá. Láago mẹ́rin ìdájí, bàbá fọwọ́ gbá mi lórí. Wọ́n ní, "Dìde, wò ó." Àpò ti wú bíi pọ́ọ̀fù. Bàbá tó ní àwọn ò gbà á mọ́ra ló ń fi ọwọ́ pa á lórí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí egbò sì ń dùn wọ́n pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní kí n bá wọn bi Ìyá Oníbàtà: páálí bàtà nọ́ńbà mélòó ló dáa jù fún òṣùwọ̀n?

ÌyáOníbàtà

Nọ́ńbà yòówù, bàbá mi. Kó ṣáà má jẹ́ ti bàtà ọmọdé, tiwọn fẹ́lẹ́ jù. Ẹ ní kó yà ní ìsọ̀, mo ti kó mẹ́wàá jọ fún yín.